Àmì Ìyọkúrò

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Omi ni mò ń ṣọ́,
omi tó ń tu ẹ̀rọ lára nínú ilé-iṣẹ́ bébà àtijọ́ ní Kajaani.
Ohun tí Aune Karppinen sọ fún mi ni mò ń sọ,
ibi tí kò bá yé mi, mo fò ó.

Ìyá rẹ̀, Lempi, ń fi abẹ́rẹ́ ya òṣùpá sára aṣọ.
Aṣọ náà lójú wínníwínní, onígun mẹ́rin,
abẹ́rẹ́ kò sì ríbi gbà kọjá àfi ojú wọ̀nyẹn.
Nítorí náà òṣùpá Lempi ní àtẹ̀gùn létí:
ó gòkè, ó dúró, ó tún gòkè,
bí ẹni tí orúnkún ń dùn.
"Ìyá, òṣùpá kì í rí báyìí."
"Takété sí i kí o tó wò ó."

Àtẹ̀gùn etí òṣùpá, òun ni Aune fi ń jẹun.
Inú ayé ń ṣàn, kò ní kókó kankan;
kọ̀ńpútà kò mọ ṣíṣàn, kíkà ló mọ̀.
Wọ́n wá ta àwọ̀n fún un:
kúáàkì lórí kókó,
glúọ̀nù lórí okùn tó so kókó mọ́ kókó,
kó máa wá bí prótọ́ọ̀nù ti wúwo tó.
Yóò kà á. Yóò ṣì í kà díẹ̀.
Bí ojú àwọ̀n bá ti fẹ̀ tó ni díẹ̀ yẹn ń tó.

Ṣé kí a dín ojú àwọ̀n kù ni?
Dín in kù sí ìdajì péré,
iṣẹ́ á di ìlọ́po méjìlélọ́gbọ̀n, bóyá jù bẹ́ẹ̀,
àwọn tó ń sanwó iná á sì tẹ̀ ọ́ láago.

Ọ̀nà mìíràn wà: mọ ojú àṣìṣe rẹ.
Wá òdì rẹ̀, kó o gbé e tì í,
kí àwọn méjèèjì jẹ ara wọn tán.
Ní kókó kọ̀ọ̀kan, kó ojú àwọ̀n mẹ́rin tó yí i ká jọ,
wọ́n á rí bí ewé mẹ́rin lórí igi tín-ín-rín kan,
irú èyí táwọn ọmọ ibí ń wá nínú koríko nígbà ooru,
tí wọ́n ń pè ní oríire.
Òǹkà kan ló ń sọ bí ewé náà yóò ti wúwo tó.

Àwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n ta:
ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan há, ọ̀kan há ju ìyẹn lọ.
Láti oṣù Ọ̀wàrà títí di ìparí Èrèlé, omi mi ò tutù.
Èsì dé: àmì mẹ́ta lórí bébà.
Ìlà tó yẹ kó sùn pẹrẹsẹ bí adágún tó di yìnyín
ń gun òkè, òkè táwọn ọmọdé fi ń yọ̀.

Òru méjì ni Aune fi ka ohun tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ.
Ó rí i. Ìlà kékeré kan, ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.
Onni Määttä, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún,
kọ ìyọkúrò síbi tí àròpọ̀ yẹ kó wà.
Ewé tí wọ́n ní kó pa àṣìṣe ló ń bọ́ ọ.

Onni kò sunkún.
Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi sójú,
ó tún bọ́ ọ.

Èmi mọ ohun kan tí wọn ò béèrè lọ́wọ́ mi:
ìṣirò tó tọ́, ìṣirò tó ṣì,
ooru kan náà ni wọ́n ń dà sínú omi,
omi á gba páìpù lọ, á wọlé onílé.
Lempi fọwọ́ kan irin gbígbóná lára ògiri.
"Oṣù márùn-ún ni ẹ fi ṣe àṣìṣe?
Mi ò wọ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Wọ́n tún àmì ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Tuesdé. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hu.
Onni béèrè bóyá lọ́tẹ̀ yìí àwọn á dé òdo.
"A ò ní débẹ̀," ni Aune wí.
"Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ bá di òdo kì í ṣe àwọ̀n mọ́.
Ibi tá a bá dé la ó ti nàka síbẹ̀.
Kí ìka má ṣáà gbọ̀n."

Mo wo ìwọ̀n omi mi. Ó ń gbóná bọ̀.